Ìyá Oko Kó Ẹní Rẹ̀ Kúrò Lábẹ́ Igi

Ilé wa ní Fate,
Ìlọrin.

Rìdíwánù ọmọ mi, Àlàó mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ níbi yòówù tí lẹ́tà yìí bá ti bá ọ, ìbáà jẹ́ ọ́fíìsì yín, ìbáà jẹ́ inú mọ́tò. Ara mi le, mo dúpẹ́. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ léèrè pé kí ló dé tí Mọ́mì fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo ti gbìyànjú fóònù. Gbogbo ìgbà tí mo pè ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí lo máa ń sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," o sì ń ṣàlàyé, o tilẹ̀ ń ṣàlàyé dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ohun tí o sọ á ti túká kúrò lórí mi. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá yóò dúró sójú kan. Bí o bá rí i pé mo ń lọ mo ń bọ̀, má fi mí rẹ́rìn-ín. Orí mi ló dàrú, n kò sì fẹ́ ṣe bí ẹni pé kò dàrú.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun yìí, mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn. O wá iṣẹ́ títí tí àánú rẹ fi ń ṣe mí, n kò kàn sọ fún ọ ni. Ọjọ́ tí o pè mí pé wọ́n ti gbà ọ́, mo sọ fún gbogbo àwọn tí a jọ ń kírun ní mọ́sáláásí wa. Wọ́n bá mi yọ̀. Ìyá Sìdíì tó ń gbé ilé kejì wá béèrè pé kí ni ilé-iṣẹ́ náà ń tà. Mo ronú díẹ̀, mo ní, "Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tà." Ó ní, "Àwọn tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà?" Mo ní rárá, kì í ṣe irú ìyẹn. Ó ní, "Àwọn tó ń ta gáàsì ìdáná, àbí?" Mo ní kì í ṣe ìyẹn náà. A jọ wo ara wa títí, òun ló wá ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Mo ṣe àmín. Látìgbà náà ni mo ti ń wá ohun tó yẹ kí n sọ fún un.

Àmọ́ kí n tó dé orí ìmọ̀ràn, ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oko lẹ́yìn tí ẹ̀yin lọ, nítorí o kò mọ̀.

O rántí bí ẹ ṣe wá sí oko bàbá mi lẹ́yìn Màlété, ìwọ àti àwọn ará ọ́fíìsì yín. Abẹ́ igi òrí ńlá yẹn la pé sí, gbogbo ìdílé. O dìde, o sọ̀rọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ọ́, mo ń yọ̀ nínú. O ní èéfín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun ló ń mú kí ayé máa gbóná, òjò ò sì rọ̀ bó ṣe yẹ mọ́. O ní igi ló ń fa èéfín yẹn símú, nítorí náà bí a bá fi àwọn igi wa sílẹ̀ láìgé, ilé-iṣẹ́ yín á ṣírò èyí tí wọ́n fà símú, ẹ̀ ó tà á fún ẹni tó ni èéfín, ẹ̀ ó sì fún wa ní tiwa níbẹ̀. Ó ń yé mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí o ti wá ba nǹkan jẹ́ ni ìgbà tí o na ọwọ́ sókè sí igi, tí o ní, "Ẹ̀mí igi yín la fẹ́ rà."

Àlàó mi, Fate ló kọ́ ọ ní Yorùbá. Èèyàn kan tí wọ́n tọ́ ní oko kò jẹ́ sọ ọ́ báyẹn láéláé. Àbúrò mi Sàádátù, tí gbogbo ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Ìyá Oko, tó ti ń ṣa èso òrí lábẹ́ igi yẹn láti kékeré, ló dìde.

Ó ní, "Rìdíwánù, bí ẹ bá ra ẹ̀mí rẹ̀ lọ, kí ló kù fún wa? Òkú igi?"

O yára tún un sọ. O ní, "Èémí ni mo fẹ́ sọ, Ìyá Oko. Èémí. Èyí tó ń mí sínú tó ń mí síta."

Ó ní, "Èyí tó ń mí gan-an ni ẹ̀mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín, o sì bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. O sọ pé kò sí ẹni tó máa gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, pé ẹ̀tọ́ wa ni, ó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa. Àwọn ará ọ́fíìsì yín wá fi okùn wọn ìdí igi, wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lára, ẹ wọ mọ́tò, ẹ lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ra ọṣẹ àti ṣúgà ní Ọjà Tuntun, mo wọ ọkọ̀ Màlété, mo lọ kí Ìyá Oko. Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀. Mo bá a lójú àgbàlá nínú oòrùn, ó fi ìborùn bo orí, ó ń pa èèpo èso òrí, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ibòji igi ńlá yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹní rẹ̀ tó máa ń wà lábẹ́ igi láti àárọ̀ dalẹ́, ó ti ká a jọ. Ó ti so àwọn ewúrẹ́ pàápàá mọ́ ẹ̀yìn ilé. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé ejò ni wọ́n rí níbẹ̀ ni?

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti tà á."

Mo ní kí la tà.

Ó ní, "Èémí igi. Kí ni èémí igi bí kò ṣe atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ sí wa lára lábẹ́ rẹ̀? Olówó rẹ̀ ti dé. N kò ní jókòó sínú ohun olóhun. Hàráàmù ni."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín, mo gbé ọṣẹ àti ṣúgà náà sílẹ̀. Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tó tíì tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn kankan, pé èmi tí mo jẹ́ àgbà ni wọ́n ń dúró dè, láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti kú. Ó ní wọ́n ti wọn igi náà, wọ́n sì ti sàmì sí i, ta ló ń sàmì sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Mo ní èémí tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ibòji. Ó ní kí ni, nígbà náà? Mo wá sọ èyí tí ìwọ sọ, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti jókòó síbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó béèrè lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, pé, "Bí wọ́n bá lé mi níbẹ̀ lọ́la, ọ̀dọ̀ ta ni n ó ti lọ gba ẹ̀tọ́ ọ̀hún?"

Èmi, tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, n kò mọ ohun tí n ó sọ fún àbúrò mi. Mo jókòó tì í títí ọkọ̀ fi dé. Ó bà mí nínú jẹ́, Àlàó. Ó ti ń dàgbà, oòrùn yẹn kò sì dára fún un.

Ó yá, ìmọ̀ràn.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, mo gbà á gbọ́ bí ẹni gba ìdájí gbọ́ pé ilẹ̀ máa mọ́. Mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó: ẹ̀tọ́ sí ìyè, ẹ̀tọ́ sí ohun ìní, ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ sísọ. Lọ́jọ́ kan mo kọ́ wọn pé ìwé òfin wa ní kí ìjọba dáàbò bo omi àti afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ àti igbó. Mo tún kọ́ wọn, nítorí ó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́, pé èèyàn kò lè tìtorí apá ibẹ̀ yẹn pe ìjọba lẹ́jọ́. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Mà, kí wá ni wọ́n kọ ọ́ fún?" Mo ní kó jókòó, kó há a sórí, yóò jáde nínú ìdánwò. Mo rò pé mo dáhùn nígbà náà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni ìbéèrè yẹn ti ń padà wá bá mi.

Wò ó bó ṣe rí. Ìwé kan náà sọ pé o ní ẹ̀tọ́ sí ohun ìní rẹ. Òfin ilẹ̀ sì wà, wọ́n fi ìwé yẹn náà tì í lẹ́yìn, ó ní gómìnà ló ń di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo wa. Bàbá mi kò mọ gómìnà kankan nígbà tó ń ṣán igbó yẹn. Ta ló wá ni igi? Ta ló ni èyí tí igi ń mí? Mo bi ọ́ lórí fóònù, o ní àwọn lọ́yà yín ṣì ń wo ìyẹn. Bí lọ́yà bá ṣì ń wò ó, kí ló dé tí ìwọ ti sọ fún Ìyá Oko pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni?

N kò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, o. Ibi tó ti dàrú mọ́ mi lójú nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ti ọmọ Ìyá Sìdíì mọ́lé lórí ohun tí kò ṣe, lọ́yà kan lọ ka ìwé òfin kan náà fún wọn, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Mo fojú mi rí i. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló mú ọmọ ọlọ́mọ wálé. Nítorí náà, n kò lè sọ fún ọ pé kí o gbà á gbọ́, n kò sì lè ní kí o má gbà á gbọ́. Èyí tí mo lè sọ ni pé, kí o tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé "ẹ̀tọ́ yín ni," kí o ti mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn, kí o mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, kí o sì mọ̀ bóyá yóò ṣí i fún un.

Èkejì ni ọjà yìí fúnra rẹ̀. Mo wá ohun tí mo lè fi yé ara mi, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni fídíyà. O mọ̀ ọ́n, oúnjẹ tí aláìsàn tàbí arúgbó tí kò lè gbààwẹ̀ máa ń fún tálákà dípò ààwẹ̀ tó jẹ. Mo ní, áà, òun nìyí: ẹni tó ń rú èéfín kò lè dá a dúró, ó wá ń sanwó fún wa dípò. Inú mi dùn pé ó yé mi. Mo lọ bá Àfáà mọ́sáláásí wa kí n rí ẹni tó máa gbóríyìn fún mi. Àfáà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àlùhájà, ẹni tí ara rẹ̀ le, tó lè gbààwẹ̀, tó ń jẹun lọ́sàn-án gangan, ṣé òun náà ń san fídíyà?" Mo fi ìtìjú padà sílé.

Nígbà tí mo sọ fún ọ, o ní ilé-iṣẹ́ mìíràn wà tí kò tíì rọ́nà dá èéfín dúró lóòótọ́, pé àwọn wọ̀nyẹn ni aláìsàn. Mo ní àwọn tó kù ńkọ́? O ní àwọn náà ń rà á. Mo béèrè bí ẹ ṣe ń mọ aláìsàn yàtọ̀ sí ẹni tí ara rẹ̀ le. O ní iṣẹ́ ẹ̀ka mìíràn nìyẹn. Mo fẹ́ bínú sí ọ, àmọ́ iná lọ ní àsìkò yẹn gan-an, mo ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó sì rú èéfín dúdú gba ojú fèrèsé wọlé. Èmi náà, igi ta ni mo ń sanwó rẹ̀? Mo pa á ní kíá, ooru sì mú mi títí tí mo tún fi ní kí wọ́n tàn án. Ṣé o rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń ṣe mí?

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, mo sì fẹ́ kí o jókòó kà á. Mo bi ọ́ lọ́jọ́sí pé kí ló dé tí ẹnìkan fi máa sanwó fún wa pé ká má gé igi tí a kò fẹ́ gé tẹ́lẹ̀. O ní kí ọjà náà tó lè tà, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ewu ń bẹ, pé bí kì í bá ṣe tiyín, wọ́n á ti gé àwọn igi náà tán. Mo ní ta ni á gé wọn? O wá ní, "Àwọn ará oko, Mọ́mì. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn."

Ará oko wo, Rìdíwánù? Ará oko wo ló wà níbẹ̀ ju Ìyá Oko lọ? Nígbà tí àwọn tó ń sun èédú gbé ẹ̀rọ ìgégi wá sí ẹ̀bá ilẹ̀ wa, òun ló lọ jókòó sí ìdí igi yẹn pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀, tó ní àfi kí wọ́n gé òun mọ́ ọn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, wọ́n lọ. O lè sọ pé ewu wà nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ewu wà, n kò jiyàn. Owó yín sì lè mú kí irú wọn má padà wá mọ́, ìyẹn náà jẹ́ òótọ́, ó sì wà lára ohun tó ń dà mí láàmú. Àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni ewu ti wá. Ẹ fẹ́ kí n tẹ̀ka pé àbúrò mi ló fẹ́ gé igi tó fi ara rẹ̀ dí, kí ẹnìkan tí kò mọ̀ ọ́n lè rí nǹkan rà. Èyí kò tọ́. "Tọ́" tí mo wí yìí, inú ọ̀rọ̀ "ẹ̀tọ́" ló wà, n kò sì rò pé ó nílò kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin kó tó tọ́.

N kò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Èyí tó kàn ni pé kí o má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí mi. Mo mọ̀ pé o lè ṣe bẹ́ẹ̀, orí rẹ gbóná bíi ti bàbá rẹ. Bóyá iṣẹ́ náà dára. Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ ló dá a sílẹ̀, òjò ò sì rọ̀ dáadáa lóòótọ́, mo fojú mi rí i. Máa jẹun kí o tó jáde láàárọ̀. Má fi ìrun Àsárì falẹ̀ nítorí ìpàdé. Ọmọbìnrin tí o ní o fẹ́ mú wá kí mi, mo ṣì ń retí rẹ̀, ẹran tí mo rà sílẹ̀ ti dì sínú fìríìjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka. O sọ fún mi, pẹ̀lú ìtìjú, pé bí oko ìdílé tìrẹ gan-an bá kọ̀, yóò ṣòro fún ọ̀gá yín láti gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. N kò sì fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi kan náà ló ba orúkọ àbúrò mi jẹ́. Mo ti gbàdúrà lé e, mo ti ro ó síwá, mo ti ro ó sẹ́yìn, ohun tó yẹ kí n ṣe kò hàn sí mi.

Nítorí náà, wá. Má kó ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, má wọ aṣọ ọ́fíìsì. Wá sí Màlété lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, n ó ti wà níbẹ̀. Jókòó ti Ìyá Oko nínú oòrùn, kí o ṣàlàyé fún un ohun tí ẹ fẹ́ rà àti ohun tí ẹ kò fẹ́ rà, kí o fi ohùn tó tọ́ pe "èémí". Sọ fún un bóyá ibòji wà lára ohun tí ẹ fẹ́ rà tàbí kò sí lára rẹ̀. Sọ fún un bóyá yóò ṣì lè ṣẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ tó fi ń se èso òrí. Lẹ́yìn náà, kí o wo ojú rẹ̀, kí o sọ gbólóhùn yẹn fún un: "Ìyá Oko, a fẹ́ kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ máa gé igi yìí." Bí o bá rí i pé ẹnu rẹ kò gbà á, a jẹ́ pé kò yẹ kó wà níbi tí èmi yóò tẹ̀ka sí. Wá èyí tí ẹnu rẹ gbà, kí o lọ fi han ọ̀gá yín.

Èmi kò ní dá sí i. N kàn máa jókòó, n ó máa wo ẹní rẹ̀ tó ká jọ. Bó bá dìde lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ, tó tẹ́ ẹ padà sí ìdí igi, tó tú ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, n ó tẹ̀ka fún ọ lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà yín kò tíì yé mi. Bí kò bá dìde, má bínú sí mi, ọmọ mi. N ó gbé àga mi lọ sínú oòrùn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí orí rẹ̀ ṣì dàrú,

Mọ́mì